Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó Lórí Àwọn Ọmọ Kéékèèké Tó Ṣì Wà Nílé

Èkó,
Ọjọ́rú, ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020.

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú,
Ọ́fíìsì Gómìnà, Aláùsá, Ìkẹjà.

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú àforítì ọdún yìí. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní agbègbè Àlímọ̀ṣọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní kíláàsì kejì, nítorí pé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú díẹ̀, èmi ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀ níbi tí mo wà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ olùkọ́ kankan tó rán mi níṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ 3 oṣù yìí, ẹ ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ SS3 kí wọ́n lè múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọjọ́ 17. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi ti ń dá mi dúró lójú pópó, tí wọ́n ń béèrè pé ìgbà wo ni yóò kan tiwọn, n kò sì ní èsì láti fún wọn, nítorí pé kò sí ẹni tó fún èmi náà ní èsì. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta tí ẹ ti ní kí a ti gbogbo ilé-ìwé pa nítorí àrùn kòrónà títí di òní jẹ́ ogún ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ méjì. Lójú àgbàlagbà, oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ kò jọ nǹkan púpọ̀. Lójú ọmọ ọdún mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó lè rántí.

N kò kọ̀wé láti bá yín jà lórí títì tí ẹ tì í. Nígbà tí wọ́n rí àrùn náà lára ọkùnrin ará Ítálì kan ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ bí yóò ṣe ṣe wá sí, ohun tí a sì ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n láti Ítálì àti Sípéènì tó láti lé oorun lójú ẹni. Bí wọ́n bá bi mí léèrè lọ́jọ́ náà, èmi gan-an ì bá sọ pé kí ẹ tì í, kí ẹ sì tètè tì í. Ìbéèrè tó wà níwájú wa nísinsìnyí yàtọ̀ sí ti oṣù Kẹta, ohun tí mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má fi èsì oṣù Kẹta dá a lóhùn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àrùn yóò dá ọmọ ilé-ìwé Èkó dúró sílé. Lọ́dún 2014, Èbólà wọ̀lú láti Làìbéríà ní ọjọ́ 20 oṣù Keje. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ sún ìwọlé lẹ́yìn ọlidé sí ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, wọ́n tún fà á padà sí ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, Èkó ní tirẹ̀ sì dúró di ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Mo rántí ẹ̀rọ kékeré tí a ń nà sí iwájú orí àwọn ọmọ láti mọ̀ bóyá ara wọn gbóná, àti bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá nàbọn sí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Èbólà. Dídúró nígbà náà mọ́gbọ́n dání, nítorí pé gbogbo àwọn tó kó o ní orílẹ̀-èdè yìí kò ju ogún lọ, a sì mọ ilé tí olúkúlùkù wọn ń gbé. Kòrónà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà ti lé ní 46,000, àwọn tó sì jẹ́ ti Èkó nínú wọn lé ní 15,000, ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn tí kò ṣe àyẹ̀wò rí. Àrùn tó ti ràn dé ibi tó dé yìí kò ní kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kan tàbí méjì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí àwọn ọmọ dúró di ìgbà tí yóò tán kò tíì dá ọjọ́ kankan fún wọn. Ó kàn ní kí wọ́n máa lọ ni.

Oṣù Keje tó kọjá kọ́ wa lọ́gbọ́n nípa dídá ọjọ́. Ní ìparí oṣù Kẹfà, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ lórí kòrónà ní kí àwọn kíláàsì àṣekágbá padà sílé-ìwé. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní kò sí ohun tó jọ ọ́, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí ọdún ẹ̀kọ́ kan ṣòfò ju kí a kó àwọn ọmọ sínú ewu lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, wọ́n tún gbà pé kí wọ́n wọlé. Ọmọ aládùúgbò mi kan wà ní SS3. Ó rán yúnífọ́ọ̀mù tuntun nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ ti di péńpé lára rẹ̀, ó ká a sínú báàgì, ó tún tú báàgì náà, ó tún dì í. Ìyá rẹ̀ ní òun kò mọ èyí tí òun yóò gbàgbọ́ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìjọba. Mo ro ọ̀rọ̀ obìnrin náà títí. Mínísítà ní ìdí, ìgbìmọ̀ Ààrẹ náà ní ìdí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún obìnrin náà ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ pé ó yá tàbí pé kò tíì yá. Ẹni tó bá dá ọjọ́ láìsọ ìdí, láìsọ ìdí náà ni yóò yí i padà.

Ohun tó gbé mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ní gbogbo àtìlọ-àtìbọ̀ náà, kò sí ẹni tó jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé. Gbogbo wọn gbà pé àwọn tó ní ìdánwò ni. Mo mọ ìdí rẹ̀: orílẹ̀-èdè márùn-ún ló jọ ń ṣe WAEC, ọmọ tí kò bá sì jókòó ṣe é lọ́dún yìí lè máà rí yunifásítì wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí SS3. Ìpayà mi ni pé ìdánwò náà ni yóò máa pín ipò lọ títí: lẹ́yìn SS3, yóò kan JSS3, lẹ́yìn JSS3, àwọn tó máa ṣe WAEC lọ́dún tó ń bọ̀, lẹ́yìn wọn, kíláàsì kẹfà tó fẹ́ wọ girama, àwọn tí kò ní ìdánwò kankan níwájú yóò sì dúró ní òpin ìlà. Àwọn wọ̀nyẹn ni kíláàsì kìíní, èkejì àti ẹ̀kẹta. Nínú gbogbo ọmọ ilé-ìwé tó wà ní Èkó, àwọn náà ni wọn kò lè dá kọ́ ara wọn ní ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí pé ẹni tó ti ń kàwé láti ogójì ọdún sẹ́yìn máa ń gbàgbé bí a ṣe ń kọ́ ọ. Ọmọ SS3 tó ní ìwé lọ́wọ́ lè jókòó sábẹ́ àtùpà kó kà á. Bí kò tilẹ̀ yé e tán, yóò mú nǹkan níbẹ̀. Ọmọ kíláàsì kejì kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwé kíkà fúnra rẹ̀ ni ohun tó wá kọ́ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí a ó fi tìlẹ̀kùn, kíláàsì wa ti kúrò lórí b-a ba, d-e de, a ti ń wọnú gbólóhùn kúkúrú, àwọn kan sì ti ń yára débi tí mo ní láti máa dá wọn dúró. Ọmọkùnrin kan wà láàrin wọn tí mo ti ń bá fà á láti oṣù Kẹsàn-án. Àwòrán ló máa ń wò, yóò sì fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ hun ìtàn tí yóò máa kà sí mi létí bí ẹni pé inú ìwé ló wà. (Kí n má parọ́, ìtàn rẹ̀ sábà máa ń dùn ju ti inú ìwé lọ.) Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ka "Adé ra bàtà fún bàbá" láìwo àwòrán rárá. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Ní oṣù Kẹfà, mo pàdé òun àti ìyá rẹ̀ lọ́jà. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ná ata, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì fi ìka kọ "bàtà" sórí yẹ̀pẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wojú mi, ó ní, "Àǹtí, àwòrán rẹ̀ dà?"

Mo mọ̀ pé ìjọba yín kò káwọ́ gbera. Ẹ gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, mo sì mọ àwọn olùkọ́ tó ń ṣe é, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ rédíò kò lè rí ọmọ tó di pẹ́ńsùlù rẹ̀ mú lódìlódì, kò lè fi ọwọ́ bo ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n jọ fa ìlà náà. Tẹlifíṣọ̀n ń fẹ́ iná, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí ní àdúgbò wa. Ní ti WhatsApp, fóònù tó lè gbà á nínú ilé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ti bàbá ni, bàbá sì ti gbé e lọ sídìí dáńfó kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó bá fi máa dé lálẹ́, ọmọ ti sùn, dátà náà sì ti tán. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nínú ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta, mẹ́sàn-án ni mo ń gbúròó, àwọn mẹ́sàn-án náà sì ni àwọn tí ọwọ́ òbí wọn gbé owó lẹ́sìnnì nílé.

Ohun kan tún wà tí gbogbo ẹni tó ń wọkọ̀ ní Èkó mọ̀, àmọ́ tí a kì í fẹ́ sọ jáde: àwọn ọmọ kò sí nílé. Láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún tí wọ́n ti dẹ òfin kónílé-ó-gbélé ni àwọn òbí ti padà sídìí òwò wọn, kò sì sí ẹni tí wọn yóò fi ọmọ tì. Ìyànà Ìpájà kún fún wọn láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn kan gbé omi inú ọ̀rá, àwọn kan gbé ẹ̀pà. Mo ti ra ìbòmú lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi kan. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ ọ̀kankan. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀, ó sì ṣírò ṣéńjì mi pé, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé ẹ̀kọ́ ìṣirò kan kò kúkú dúró. Bí a bá ń fi ilé-ìwé tó wà ní títì wé ọmọ tó jókòó sílé níbi tí àrùn kò lè dé, à ń fi nǹkan wé ohun tí kò sí. Ohun tó yẹ ká fi wé ara wọn ni kíláàsì àti òpópónà, ká sì béèrè níbi tí ọmọ yìí ti lè rí omi fọwọ́, níbi tí àgbà kan ti lè sọ fún un pé kó fa ìbòmú rẹ̀ sókè.

Ilẹ̀ Sàró ti rí irú èyí ṣáájú wa. Nítorí Èbólà, wọ́n ti ilé-ìwé láti àárín ọdún 2014 títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2015. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti lóyún, ìjọba ibẹ̀ sì ní kí àwọn tó lóyún má ṣe bá àwọn ẹgbẹ́ wọn jókòó ní kíláàsì. Oṣù Kẹta ọdún yìí ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa òfin náà rẹ́. Àwọn ọmọ tèmi ṣì kéré sí irú ewu yẹn, àmọ́ wọ́n ní àwọn ẹ̀gbọ́n.

Ẹ ó bi mí pé ṣé n kò bẹ̀rù ni. Mo bẹ̀rù. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́. Nítorí ẹ̀rù náà ni mo ṣe ń ka ohunkóhun tí mo bá rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ ní Kòríà ti Gúúsù tọpa àwọn ènìyàn tó lé ní 59,000 tí wọ́n súnmọ́ aláìsàn kòrónà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta lóṣù tó kọjá: nínú ilé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kì í sábà kó o ran àwọn ará ilé wọn bí àgbàlagbà ṣe ń kó o ràn wọ́n, àmọ́ àwọn tó wà láàrin ọdún mẹ́wàá sí mọ́kàndínlógún ń kó o ràn wọ́n dáadáa. Òtítọ́ ni pé ilé-ìwé Kòríà wà ní títì nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí náà, a kò sì lè fi gbogbo ara gbé e. Ní Ísírẹ́lì, wọ́n ṣí ilé-ìwé ní oṣù Karùn-ún, kíláàsì kún, ooru mú, wọ́n ní kí àwọn ọmọ yọ ìbòmú. Ní ilé-ìwé girama kan ṣoṣo ní Jerúsálẹ́mù, ọmọ tó lé ní 150 ló kó o. Ilé-ìwé girama ni, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dẹ́nmákì ní tirẹ̀ ti ṣí láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, àwọn ọmọ kéékèèké títí dé kíláàsì karùn-ún ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá padà. Wọ́n pín wọn ní kéékèèké, wọ́n ń kọ́ wọn níta níbi tí afẹ́fẹ́ wà, àwọn àgbà nínú wọn sì dúró di oṣù Karùn-ún. Ilẹ̀ Benin tó múlé tì wá, níbi tí àwọn ará wa ti Kétu wà, ṣí ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n ìdánwò ni wọ́n tẹ̀lé bíi tiwa: kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ilé-ìwé girama, ló wọlé, àwọn kéékèèké sì dúró.

Nítorí náà, bí a bá fi ewu àrùn wò ó, àwọn kékeré kò yẹ lẹ́ni tó ń kẹ́yìn; bí a bá sì fi ohun tí wọ́n ń pàdánù wò ó, àwọn ló yẹ kó ṣíwájú. Ìdánwò nìkan ló fi wọ́n sẹ́yìn.

N kò ní tan yín jẹ pé Àlímọ̀ṣọ́ jọ Dẹ́nmákì. Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo ní, bẹ́ńṣì kan ọmọ mẹ́rin ni. Ìjìnnà mítà méjì tí wọ́n ń sọ kò ṣeé ṣe nínú yàrá wa, àfi bí a bá gbé ìdajì àwọn ọmọ náà kọ́ sára ògiri. Àmọ́ ìdajì kò ṣòro fún wa láti ṣírò. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gba ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí láyè láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá pé kí wọ́n gba ìdajì iye ènìyàn tí ilé wọn lè gbà. Ohun tí a lè ṣe nínú ilé ìjọsìn, a lè ṣe é nínú kíláàsì, pàápàá níbi tí ẹni tó ń darí ètò bá ní orúkọ gbogbo ẹni tó wọlé nínú rẹ́jísítà.

Ẹ fi yé àwọn ará Èkó pé a máa padà sí ètò àárọ̀ àti ọ̀sán fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn àgbà nínú, nítorí pé Alhaji Lateef Jákàńdè ló fòpin sí ètò náà nígbà tó di gómìnà lọ́dún 1979, iṣẹ́ tó sì ṣe kí gbogbo ọmọ Èkó lè lọ sílé-ìwé láàárọ̀ wà lára ohun tí a ṣì fi ń yìn ín títí di òní. Èmi náà jẹ nínú oore rẹ̀. Ní àkókò náà, àwọn tó ń ta kò ó ń fi àwọn kíláàsì tó kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìẹ ni. Bí a bá ní ọ̀pọ̀ irú ilé adìẹ bẹ́ẹ̀ lónìí, tí afẹ́fẹ́ ń gba ìhín wọ̀ tó ń gba ọ̀hún jáde, ọkàn mi ì bá balẹ̀ ju bó ṣe balẹ̀ lọ. Kí ìdajì kíláàsì mi wá láàárọ̀, kí ìdajì wá lọ́sàn-án, tàbí kí àwọn kan máa wá ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn yòókù gba ọjọ́ méjì tó kù, kí wọ́n sì yí i padà lọ́sẹ̀ kejì. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ pẹ̀lú ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n; kí n sọ òtítọ́, n kò ní irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni.

Ohun tó le níbẹ̀ ni omi. Mo lọ wo ilé-ìwé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Koríko ti dé orókún mi. Omi wà nínú kànga, àmọ́ okùn ìfami ti já. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rin, méjì ló ṣeé wọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ fọwọ́, ẹ fọwọ́, tí a ń sọ láti oṣù Kẹta kò ní ìtumọ̀ kankan níbi tí ọmọ yóò ti fẹsẹ̀ rìn jáde nínú ọgbà ilé-ìwé kó tó rí omi. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan lọ káàkiri àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí ní omi, èyí kò ní, kí ẹ sì lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbi tí òbí lè kà á. Èyí tó bá ní omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti fèrèsé tó ń ṣí, kí ó wọlé. Èyí tí kò bá ní, kí ẹ fún un ní ọjọ́ tí yóò ní in. Ogún ni ìjọba ìbílẹ̀ wa, àrùn náà kò sì rí bákan náà ní Ẹtí-Ọ̀sà àti ní Ẹ̀pẹ́. Kò yẹ kí ọmọ Ẹ̀pẹ́ máa jókòó sílé nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kí.

Kí ẹ sì sọ ohun tí yóò mú kí ẹ tún tì í, kí ẹ tó ṣí i. Bí ọmọ kan bá ṣàìsàn, ta ni ọ̀gá ilé-ìwé yóò pè, ní nọ́ńbà wo? Ṣé kíláàsì rẹ̀ nìkan ni yóò lọ sílé, àbí gbogbo ilé-ìwé, fún ọjọ́ mélòó? Bí àwọn tó ń kó àrùn náà bá ń pọ̀ sí i ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, iye wo ni yóò jẹ́ kí ẹ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́? Òbí tó bá mọ èyí ṣáájú kò ní pariwo lọ́jọ́ tí ẹ bá tì í. Àwọn oníròyìn náà kò ní sọ pé ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ gba ara rẹ̀ létí.

Ẹ rántí àwọn olùkọ́. Olùkọ́ tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ti súnmọ́ ìfẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò tíì lè wá, láìjẹ́ pé wọ́n dá owó oṣù rẹ̀ dúró. Àwọn akẹgbẹ́ wa ní ilé-ìwé àdáni wà tí wọn kò gba kọ́bọ̀ láti oṣù Kẹta; mo mọ ọ̀kan tó ti ń ta ẹ̀kọ gbígbóná báyìí, kò sì dá a lójú pé yóò tún di ẹfun mú mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n ń gbé. Ọmọ tó bá gbé ìyá àgbà, kí àwọn òbí rẹ̀ lè pinnu pé yóò dúró sílé fún ìgbà díẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ má sì kúrò nínú ìwé. N kò rò pé àwọn tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ yóò pọ̀. Àwọn ìyá àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kí n tètè wá gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan kù, ó sì lè máà dùn mọ́ àwọn tó ń ṣe ètò ní Aláùsá nínú. Nígbà tí ẹ bá máa ṣí i, ẹ má ṣe jẹ́ kí a kàn gbé àwọn ọmọ yìí sí kíláàsì kẹta bí ẹni pé táàmù kẹta wáyé. Ẹni tó bá wà ní kíláàsì kẹta yóò ka ìwé kíláàsì kẹta, ìwé náà kò sì ní dúró de ọmọ tó ń béèrè àwòrán. Ẹ fún wa ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ láti padà sí ibi tí a dé, kí a kàwé, kí a kọ̀wé, kí a ṣírò, kí a fi gbogbo iṣẹ́ mìíràn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí a bá rí oṣù mẹ́ta yẹn, mo mọ ohun tí mo lè ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ sọ ibi tí kíláàsì kìíní sí ìkẹta wà nínú ètò yín. Bí ọjọ́ kò bá tíì yé yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń dúró dè. Rẹ́jísítà kíláàsì mi wà lọ́dọ̀ mi nílé, nítorí pé mo gbé e lọ láti lọ ṣe àròpọ̀ iye ọjọ́ tí olúkúlùkù ọmọ wá, mo sì rò pé n óò dá a padà ní ọjọ́ Ajé. Ibi tí mo ti máàkì kẹ́yìn ni ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 20 oṣù Kẹta. Ọmọ mọ́kànléláàádọ́ta ló wá lọ́jọ́ náà.

Èmi ni,
Olùkọ́ kíláàsì kejì,
Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan, Àlímọ̀ṣọ́.